Ìdákẹ́jẹ́ Ni Mo Wá Lọ Sójú Òkun, Orin Ni Mo Bá

Obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun ní èbúté Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé fìlà kaúbọ́ì kan tó fẹ̀ débi pé etí rẹ̀ ń gbá mi níwájú orí nígbàkígbà tó bá yíjú padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó sì bi mí pé èwo nínú àwọn olórin náà ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Mo ní òkun ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Ìgbà yẹn ni mo wo ẹ̀yìn, tí mo tún wo iwájú, tí mo sì rí i pé fìlà yẹn kì í ṣe ẹyọ kan, pé bàtà aláwọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà òyìnbó tó tò síbẹ̀, àti pé ọkùnrin kan tilẹ̀ gbé gìtá kọ́ èjìká bí ẹni tí wọ́n háyà fún òde àríyá.

Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn ọdún 31, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ òru. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn rí yóò mọ̀ pé àìsùn nìkan kọ́ ló ń pa ènìyàn, ariwo wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tó ń han, agogo tí aláìsàn ń tẹ̀, fóònù tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e. Ohun tí mo ń wá ni ọjọ́ 14 tí etí mi kò ní gbọ́ ju omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Mo ra ìrìn àjò náà lórí fóònù nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún mi ka orúkọ gbogbo èbúté tí a óò yà sí, ó ṣàlàyé oúnjẹ, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan orin rárá. Inú kábìnì ni mo ti wá tú ìwé náà wò dáadáa, mo sì rí i ní ojú ewé kẹta, nínú lẹ́tà tó kéré bí ẹyin èèrà, pé ìrìn àjò àwọn olólùfẹ́ orin kántírì, orin gìtá àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà, ni. Mo bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, mo sì bínú sí ara mi, torí pé ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni ìwé náà fi wà lórí tábìlì nílé mi.

Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ènìyàn méjì. Bí òwò ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣe rí nìyẹn: ènìyàn méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó kábìnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì dá wọ inú rẹ̀ yóò san ti ẹnìkejì tí kò sí. Àwọn ọkọ̀ kan ti ń kọ́ kábìnì kéékèèké fún ẹni tó dá rìn, irú bíi Norwegian Epic tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, ṣùgbọ́n tiwa kò ní irú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn kò tilẹ̀ dé ibi ọ̀rọ̀ owó. Ó ní, "Ta lẹ jọ ń lọ?" Mo ní èmi nìkan ni, mà. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi mí pé, "Ìyá Dàpọ̀, ṣé kò sí nǹkan?"

Kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, fèrè ọkọ̀ sì dún ní kúkúrú lẹ́ẹ̀meje, ó wá dún gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ àmì pàjáwìrì lórí ọkọ̀ òkun. Ọkùnrin onígìtá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn rẹ̀ lórí okùn kí fèrè tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kábìnì mi wà lábẹ́ gbọ̀ngàn ijó gan-an. Ijó tí wọ́n ń jó níbẹ̀, ìlà ni wọ́n ń tò sí bí ọmọ iléèwé, tí gbogbo wọn á sì jọ fi gìgísẹ̀ lu pátákó lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kejì a wọ Bay of Biscay, níbi tí ìgbì ti máa ń le, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì wá sọ́tùn-ún sósì bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún tí inú ti ń bí. Mo mu omi átalẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo di ìrọ̀rí mọ́ etí. Lókè orí mi, gbì, gbì, gbì, wọn kò dáwọ́ dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta mo dìde láti lọ fi ẹjọ́ sùn. Ó di dandan kí n gba iwájú gbọ̀ngàn náà kọjá, bí mo sì ṣe débẹ̀ ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ orin Jim Reeves, olórin kántírì ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí èmi ń dàgbà kò nílò àlàyé lórí Jim Reeves. Kérésìmesì kò tíì dé bí a kò bá tíì gbọ́ ọ, àwa ọmọdé àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá sì gbà láìjiyàn pé pásítọ̀ ni. N kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tí òun fúnra rẹ̀ ń wà já lulẹ̀ nítòsí Nashville ní ọjọ́ 31 oṣù keje 1964. Mo ti ń kọ orin rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé ó ti kú.

Bàbá mi ló gbé e wọ ilé wa. Ní oṣù kẹsàn-án 1963 wọ́n wọ ọkọ̀ òkun Aureol ti iléeṣẹ́ Elder Dempster ní Àpápá, wọ́n lọ kàwé ní Liverpool. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1966, wọ́n kó rédíógírámù kan àti àwo orin mẹ́fà bọ̀, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Jim Reeves. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í tíì bọ́ agbádá tí wọ́n á ti yọ àwo kan nínú páálí rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì gbé e lé e pẹ̀lú ìka méjì péré. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré nínú pálọ̀ títí àwo náà yóò fi tán, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mì, abẹ́rẹ́ yóò fò.

Mo gbàgbé ẹjọ́ tí mo fẹ́ fi sùn. Mo jókòó, mo sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Ìyá onífìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yà ẹnu sílẹ̀, ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ, ó sì ń wò mí bí àlejò tó mọ ibi tí onílé ń kó ṣíbí sí. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí ọmọ Tennessee, ilé orin kántírì ní Amẹ́ríkà, nínú àwa méjèèjì, pé Wolverhampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun náà ti wá, ṣùgbọ́n ó ti ń ra tíì fún mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jẹun alẹ́ lórí tábìlì àwọn tó dá wá. Àwa méje ni, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì sì fẹ́ mọ bí orin kántírì ṣe dé Nàìjíríà. Mo ní ọkọ̀ òkun ni, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin wa. Mo sọ fún un nípa àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń ta gìtá káàkiri èbúté ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ọwọ́ ìta wọn sì wọ inú orin àwọn ọlọ́tí ẹmu ní Èkó. Mo sọ nípa Túndé King, aṣáájú orin jùjú ní àwọn ọdún 1930, tó bá iṣẹ́ ọkọ̀ òkun lọ, tó pẹ́ ní àwọn èbúté ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, tí kò sì padà sí Èkó títí di 1954. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ọbẹ̀ ti tutù níwájú àwa méjèèjì.

Lẹ́yìn Lisbon, tí òjò kò jẹ́ kí n rí dáadáa, a tún lo ọjọ́ kan gbáko lójú omi, olórin tó ń ta pedal steel sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò jọ gìtá. Ó jọ tábìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí okùn mẹ́wàá nà sórí rẹ̀, ẹni tó ń ta á sì jókòó tì í bí ẹni jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ. Ó wọ òrùka irin sí ìka ọwọ́ ọ̀tún láti fi já okùn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di irin róbótó kan mú, ó ń yọ̀ ọ́ lórí àwọn okùn náà láìtẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ pẹ́dàlì, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ń ti irin lábẹ́ tábìlì. Ó fa ohùn kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìfò. Mo dìde lórí àga. Ohùn Sunny Adé ni mo gbọ́ yẹn.

Ilẹ̀ Hawaii ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yọ̀ lórí okùn gìtá ní ìparí ọ̀rúndún 19. Àwọn olórin kántírì gbà á, wọ́n fi pẹ́dàlì kún un, King Sunny Adé sì mú un wọ inú jùjú. Nínú àwo tí iléeṣẹ́ àwo orin Island gbé jáde fún un ní 1982, ẹ óò gbọ́ Dẹ̀mọ́lá Adépòjù lórí rẹ̀. N kò rò pé ó ṣòro láti mọ ìdí tó fi bá wa lára mu. Ohun tí onígángan ń ṣe nígbà tó bá fún ọsán ìlù mọ́ra tó sì tún dẹ̀ ẹ́ náà ni irin yẹn ń ṣe lórí okùn: ohùn ń gùn, ó ń sọ̀, kò sì já, bí èdè wa gan-an. Nígbà tí mo dárúkọ Adépòjù fún ọkùnrin náà, ó ní òun mọ̀ ọ́n láti inú àwo tí Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, ṣe ní 1986, òun kàn rò pé ará Amẹ́ríkà ni.

Ó bẹ̀ mí pé kí n kọ díẹ̀ nínú orin ilé wa. Ohùn ìyá àgbà ni mo fi kùn ún, ó sì rí i lórí okùn ní kíákíá, ṣùgbọ́n kò dùn, nítorí pé kò sí nǹkan tó ń gbé e nílẹ̀. Mo mú ṣíbí tíì, mo fi lu ife mi: kón, kón, kóló, kón, kóló. Ó gbìyànjú láti bọ́ sí i. Gbogbo ìgbà tó bá dé kóló kejì, yóò ti yára jù.

Ọjọ́ tí a dé Las Palmas ní erékùṣù Canary, wọ́n kó àwọn yòókù lọ wo òkè ayọnáyèéfín. Èmi dúró sí etí èbúté pẹ̀lú fọ́tò kan tí mo tọ́jú sínú Bíbélì mi: Bàbá mi nìyí, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n fi ọwọ́ kan di irin etí ọkọ̀ mú, wọ́n sì fi gègé kọ "Las Palmas, 1963" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Aureol máa ń yà síbẹ̀ lójú ọ̀nà Liverpool. Mo gbé fọ́tò náà sókè, mo ń wá ilé tàbí òkè tó wà lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ilé gíga ti bo gbogbo ẹ̀yìn ìlú. Mo ra àjàrà, mo jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, mo padà sínú ọkọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, kí a tó dé Southampton, ọkùnrin onípedal-steel náà wá mi wá sí ibi tí mo jókòó. Ó ní òun ti ń fi ẹsẹ̀ ka á lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo lu ife, ìyá onífìlà ń pàtẹ́wọ́ tí kò bọ́ sí ibì kankan, olùkọ́ wa ń mi orí. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó dé kóló kejì, ó dúró dè é, ó sì bọ́ sí i rẹ́gí. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọmọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn fi wá bẹ̀ wá pé bíńgò ló kàn. Ó kó ife mi lọ. N kò fún un ní ṣíbí.