Ibi Tí Orí Mi Ń Sùn: Ohun Tí Físà 491 Kọ́ Mi ní Geelong

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bi mí lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, béèyàn bá ti wọ Ọsirélíà tán, ṣé kò lè forí lé Melbourne?", mo ti ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbì kan: físà 491 tí mo fi wọ Ọsirélíà kò gbà kéèyàn máa gbé Melbourne, àwọn agbègbè kan nìkan ló gbà.

Ẹni tó bá mi ṣe ìwé ní Ìkẹjà ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ agbègbè yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ni. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Físà méjì ló pò mọ́ ara wọn. Físà 190, ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i fúnni, pọ́íǹtì 5 ni wọ́n ń bù fúnni lórí rẹ̀ (pọ́íǹtì yìí ni máàkì tí wọ́n fi ń yan ẹni tó máa rí físà gbà), ọjọ́ tó bá sì jáde lèèyàn ti di onígbèélùú títí láé. Ẹni tó gbà á á ṣèlérí fún ìpínlẹ̀ náà pé òun máa gbé lọ́dọ̀ wọn fún àkókò kan, ọdún méjì lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìlérí yẹn kò sí lára físà. (Èmi ò ní kí ẹ yẹ àdéhùn o.) 491 kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́íǹtì 15 ni wọ́n fi ń tì yín lẹ́yìn, ọdún márùn-ún péré ló sì ní. Òfin kan wà lára rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ni 8579: agbègbè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ti máa gbé, kẹ́ ẹ ti máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ti máa kàwé. Nǹkan mẹ́ta ni. Ẹlòmíì á gbọ́ "gbé", kò ní gbọ́ "ṣiṣẹ́".

Agbègbè náà kì í ṣe aginjù o. Ìyá mi sunkún pé wọ́n ń rán òun lọ́mọ lọ sínú igbó. Sydney, Melbourne àti Brisbane nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Perth, Adelaide, Canberra, Hobart àti Gold Coast, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀.

Oṣù kejì 2022 ni mo dé Geelong. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 75 lọ sí Melbourne, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdánwò mi wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe agùnbánirọ̀ ní yàrá tó ṣófo nílé rẹ̀ ní Tarneit, ó ní kí n wá máa gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń fi dọ́là ṣírò náírà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe síni láyà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Geelong lọ Melbourne ń dúró ní Lara, ó ń dúró ní Tarneit. Ọkọ̀ kan náà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà, ojú ò lè rí ààlà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Lara wà nínú agbègbè, Tarneit ti di Melbourne. Postcode, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tó máa ń wà lára àdírẹ́sì, ló ń pín wọn. Ẹ máa wo postcode ilé nínú ìwé ìjọba kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹ má fi ojú wọn àdúgbò.

Mo kọ yàrá náà, mo lọ há sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ní Geelong. Àmọ́ òfin kò ní kẹ́ ẹ má ṣe àlejò. Ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìn ìdúpẹ́, mo jẹ jọ́lọ́ọ̀fù Melbourne dáadáa, mo sì padà sílé mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Melbourne pè é síṣẹ́, owó rẹ̀ dára, a ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di pé mo ṣí ìwé físà tirẹ̀ kà. 8579 wà níbẹ̀ gbàgàdà. Mo ti rò pé èmi tí wọ́n ka pọ́íǹtì fún nìkan ni òfin mú, àṣé gbogbo ẹni tórúkọ rẹ̀ wà nínú físà náà ló mú, tọmọdé tàgbà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Geelong ló padà gbà á, owó wọn kò sún mọ́ ti Melbourne. Bí èdè àìyedè bá ṣẹlẹ̀ láàárín wa títí dòní, ibẹ̀ ló máa ń parí sí: pé mi ò kàwé.

Àṣìṣe mi kejì kéré ju ìyẹn lọ. Béèyàn bá kó kúrò nílé, ọjọ́ 14 ló ní láti fi àdírẹ́sì tuntun tó ìjọba létí. Nọ́ńbà fóònù, ímeèlì àti ibi iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kó lọ sí Lara, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo rántí. Mo wọ ImmiAccount, ojú ìwé ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀rọ̀ físà, mo kọ ọjọ́ tí mo kó gan-an, mi ò fi irọ́ fà á sún mọ́ tòsí. Kò di nǹkan kan. Wọ́n tún láṣẹ láti béèrè ẹ̀rí ibi tẹ́ ẹ ń gbé àti ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ 28 ni wọ́n máa fún yín.

Ẹ̀rí yẹn ló lé mi sókè sódò nígbà tí mo ń múra fún físà 191, èyí tó jẹ́ ìgbélùú títí láé. Oṣù mẹ́jọ tí mo fi há sí yàrá onílé, orúkọ mi ò sí nínú ìwé ilé, kò sí lórí bíìlì iná. Ìwé báńkì ló gbà mí sílẹ̀: búrẹ́dì, epo ọkọ̀, kíláàsì ìwakọ̀, gbogbo rẹ̀ ní Geelong, ọjọ́ dé ọjọ́. Látọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ ti máa kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ.

Ní ti owó: nígbà tí wọ́n gbé físà yìí jáde ní 2019, ohun tí wọ́n sọ ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ máa pa 53,900 dọ́là lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ṣiṣẹ́ òru mọ́ ọ̀sán nítorí iye yẹn. Nígbà tí 191 ṣí ní oṣù kọkànlá 2022, wọn ò béèrè iye kan pàtó mọ́. Ìwé ìṣirò owó orí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ rí, kẹ́ ẹ sì ti lo físà náà fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Nítorí náà, ẹ sá fún ọ̀gá tó bá fẹ́ máa ka owó sí yín lọ́wọ́ láìsí ìwé.

191 wa jáde lọ́dún tó kọjá, kò sí 8579 lára rẹ̀. A lọ wo ilé ní Melbourne ní Sátidé mẹ́ta, a gbọ́ iye owó ilé, a padà. Ìyàwó mi ti gba iṣẹ́ ní Melbourne báyìí. Láàárọ̀, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lara, á sì gba Tarneit kọjá.