Àpótí páànù ìyá mi

Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ tó gbé mi láti Kubwa dé Berger lánàá fi ogún náírà kan sí ṣéńjì mi, ọ̀kan tó ti ya tí wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀. Ta ló tún ń ná ogún náírà l'Ábùjá? Mo fẹ́ dá a padà, àfi bí mo ṣe ṣe kòńgẹ́ ojú Murtala, olórí ìjọba ológun nígbà kan, lára ẹ̀. Òun ló fọwọ́ sí òfin tó sọ Àbújá di olú-ìlú, ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ ẹ̀ l'Ékòó, níbi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti há a mọ́. Mo ki owó náà bọ àpò.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà yẹn, ní Sábó Zaria, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Àpótí páànù ìyá mi nìkan ni mo rántí fúnra mi, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ní Jímọ̀ tí wọ́n pa á, ohùn Dimka, ọ̀gá ológun tó ṣáájú ìdìtẹ̀ náà, ni wọ́n gbọ́ lórí rédíò. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n ní Ọbásanjọ́, igbákejì Murtala, ló gbàjọba. Ìyá mi fa àpótí jáde.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n pa ọmọ Kánò, ọmọ Ẹ̀gbá gorí àga. Kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ lọ́jà?"

Bàbá mi ò rí i rò. Ó wà ní Sábó ní 1966, ó rí ohun tí ojú àwọn Ìgbò rí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa Ironsi, olórí ìjọba ológun, n'Íbàdàn. Ògúndìpẹ̀ tó yẹ kó rọ́pò ẹ̀ pàṣẹ, ọmọ ogun kékeré kan ní òun ò gbà. Bí Gowon ṣe bọ́ sí i nìyẹn, tí Ògúndìpẹ̀ dèrò Lọ́ńdọ̀n.

Ọbásanjọ́ ní òun ò fẹ́ ipò náà tẹ́lẹ̀. Bàbá mi gbà á gbọ́. Ìyá mi ní, "Ta ni yóò jókòó sórí àga tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ lára ẹ̀, tí yóò ní òun fẹ́ ẹ?"

Ohun tó rọ̀ wá lọ́kàn ni pé wọ́n fi Shehu Yar'Adua, ọmọ Katsina, ṣe igbákejì tuntun. Wọ́n sáré gbé e láti lẹfutẹ́náǹtì kọ́nẹ́ẹ̀lì dé brigadier. (Àbúrò ẹ̀, Ààrẹ Umaru Yar'Adua, ló kú sórí oyè ní 2010, tí Jonathan igbákejì rọ́pò ẹ̀.) Àlàájì onílé wa wá kí bàbá mi, ó jókòó pẹ́, ó ní "To, da sauƙi," ìyẹn ni pé ó ti sàn díẹ̀.

Ìyá mi ti àpótí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò tú u. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1979, tí Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Shagari, ló tó kó aṣọ wa jáde nínú ẹ̀. Kò sí èyí tó tún bá wa mu mọ́.