Àpótí Ìwé Bàbá: Ẹ Má Tíì Tú U Ká

Nílé àgbà tó ti ṣe tíṣà tàbí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì rí, ìbáà ṣe ní Kàbbà, Ìyàrà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú nílẹ̀ Okun, ìpínlẹ̀ Kogi, àpótí onírin kan sábà máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rìsíìtì owó orí, ìwé ẹ̀rí ìtẹ̀bọmi, lẹ́tà ọmọ tó ń kàwé lókè ọya, ìwé mínìtì ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Tí ìsìnkú bá parí, àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á ṣa fọ́tò sọ́tọ̀, wọ́n á ṣa ìwé ilẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á dáná sun ìyókù. Ìṣàsọ́tọ̀ yẹn ń ba nǹkan jẹ́ kí iná tó dé rárá.

Ẹ wo rìsíìtì owó ilé-ìwé kan tí wọ́n fi pín-ìnnì so mọ́ lẹ́tà. Lẹ́tà ló sọ ọmọ tí wọ́n sanwó fún àti ẹni tó yá bàbá lówó. Ẹ ya méjèèjì, rìsíìtì di bébà lásán. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tọ́jú ìwé fi máa ń pa ètò tí ẹni tó ni ìwé fi sílẹ̀ mọ́, kódà bí ètò náà bá rí rúdurùdu lójú wa.

Àwọn tí mo fẹ́ kí a kọ́ṣẹ́ lára wọn ni ìjọ Quaker, ìjọ Kristẹni tí George Fox bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1640 sí 1660. Ilé ìkàwé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ti wà láti 1673, ìwé wọn púpọ̀ sì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Haverford àti Swarthmore ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Ìwé ìdílé, ti ilé-ìwé àti ti ìpàdé ìjọ ló ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ ọmọ á wà nínú ìwé ìbí tí ìjọ kọ, ó tún lè wà nínú ìwé ilé-ìwé bíi Westtown tó ṣí ní 1799, kí lẹ́tà tó kọ sílé sì wà nínú ìwé ìdílé.

Wọn kì í dìbò nípàdé. Akọ̀wé á kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lójú gbogbo wọn, á kà á sókè, wọ́n á fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ní ìpàdé tiwọn àti ìwé mínìtì tiwọn. Ìyẹn ni orúkọ wọn ò fi sọnù. Nílẹ̀ Okun, ẹ wá ìwé owó ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó wá ti ọkùnrin, nítorí òun ni wọ́n ń tètè jù nù.

Níbi ìgbéyàwó nínú ìlànà àtijọ́ wọn, kò sí pásítọ̀ tó ń so tọkọtaya pọ̀. Àwọn tó péjú á buwọ́ lùwé, ìdílé á mú un lọ, ìjọ á sì dà á kọ sínú ìwé tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá jóná, èkejì ń bẹ. Ẹ ṣọ́ra fún déètì inú ìwé wọn àtijọ́ o: wọn kì í pe orúkọ oṣù, nọ́ńbà ni wọ́n ń lò, Máàṣì sì ni oṣù kìn-ín-ní wọn kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yí kàlẹ́ńdà padà ní 1752. "Oṣù kejì 1740" kì í ṣe Fẹ́búárì, Épírì ni.

Ó yá, àpótí tiwa. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bí ó ṣe wà. Ẹ máa mú ìwé jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù (ẹ má lo bírò) kọ nọ́ńbà tín-ín-rín sẹ́yìn: àpótí, fáìlì, ojú ìwé, bíi 1-3-7. Pín-ìnnì tó ti dípẹtà, ẹ má fà á. Ẹ fi ọ̀bẹ tó pẹlẹbẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè láti ẹ̀yìn, kí ẹ fi bébà funfun ká àwọn tó wà papọ̀ kí wọ́n má bàa pínyà. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohun tó ya: gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sọ bébà di pupa. Ẹ má sì gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe laminéṣàn. Ooru ẹ̀rọ náà ń yọ́ rọ́bà mọ́ bébà, kò sì ní ṣeé ṣí mọ́.

Náílọ́n tí a dì pinpin nígbà òjò ń há ọ̀rinrin mọ́lé, ìwé á sì bu, èbu á hù lára rẹ̀. Páálí tó mọ́ dára jù, lórí pẹpẹ tó fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga sílẹ̀, tí kò kan ògiri, nítorí ara ògiri ni ikán ń gbà wọlé. Bí òjò bá rin ìwé, wákàtí 48 lẹ ní kí èbu tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ òjìji àti fáànù ni kí ẹ sá a sí, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ máa fi bébà funfun sáàárín, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Èbu tó bá ti hù, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a níta. Bí ẹ bá nù ún nígbà tó tutù, ńṣe lẹ ń fi kùn ún.

Fọ́tò fóònù tó. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì, ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn, kí nọ́ńbà máa hàn. Ẹ̀dà méjì nínú ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fóònù kò sí lára méjì yẹn.

Fún ìwé ìjọba ayé òyìnbó, ọ̀pọ̀ ń sáré lọ Ìbàdàn nítorí pé Yorùbá ni wá. Abẹ́ Àríwá ni Kabba Province, àgbègbè wa nígbà yẹn, wà. National Archives ní Kàdúná ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Láti 1967 sí 1991, Ìlọrin ni olú-ìlú wa, kí Kogi tó wà, nítorí náà ẹ béèrè níbẹ̀ náà. Ní ti míṣọ́nnárì, Titcombe ti SIM (Sudan Interior Mission) dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ìròyìn irú wọn sì ń lọ sílé lókè òkun. Ti CMS (Church Missionary Society) wà ní Yunifásítì Birmingham.

Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí lẹ́tà àìsàn tí kò yẹ kí gbogbo ayé rí, ẹ má sun ún. Ẹ fi sínú àpò ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ọdún tí wọ́n lè ṣí i sára rẹ̀, kí ẹ dá a padà sí ipò tí nọ́ńbà rẹ̀ sọ.