Ọdún tí Bàbá mú wa dé Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé lọ́dọọdún tó bá ti di àsìkò yìí mo máa ń to ọ̀rọ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, iṣẹ́, ilé, àwọn ọmọ, owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé wọlé, ilé ìwé gba ọlidé, a ta kajú, a san owó ilé, ó parí. Nǹkan kan ṣoṣo ló gba ọdún yìí lọ́wọ́ mi, òun náà ni ìrìn àjò tá a rìn lóṣù kejì, láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba Ìkòyí lọ sí Ìgbẹ́tì, ká tó bọ́ sí Kìṣí, Ìgbòho, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ká tó wá gba Ṣakí àti Ìsẹ́yìn yọ sí Ọ̀yọ́, inú igbó la sì ti lo ibi tó dùn jù nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ Bàbá. Ẹ mọ̀ pé gémù gáàdì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹran igbó, ni ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ̀ pé láti kékeré wa ló ti ń sọ pé òun á mú wa dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ó máa ń sọ ọ́ nígbà Kérésì, ó máa ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ó tiẹ̀ sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó mi nígbà tí wọ́n gbé máíìkì fún un pé kó ṣàdúrà. Lóṣù kìíní, dókítà ní kó lọ sinmi. Ó dákẹ́. Nígbà tá a délé ló ní inú mọ́tò lòun ti máa sinmi, ká sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kó lọ yẹ táyà wò.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, sunkún nígbà tó gbọ́. Gbogbo ẹni tá a sọ fún ló ń pariwo pé ọ̀nà ò dáa, pé àwọn ajínigbé wà nínú igbó. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, ọ̀rọ̀ ààbò Òkè-Ògùn kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ohun tá a ṣe ni pé ẹ̀gbọ́n mi (Bàbá Ìbejì, ẹ mọ̀ ọ́n) kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àgbà Old Oyo National Park, igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹran igbó, ní Ìṣokùn, l'Ọ́yọ̀ọ́, ó béèrè ibi tó ṣeé dé àti ibi tí kò ṣeé dé, wọ́n bá a pe àwọn tó wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n ní ká má dé, a ò débẹ̀. A ò rìn lálẹ́. Rénjà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà, sì wà pẹ̀lú wa tìbọn tìbọn ní gbogbo ibi tá a ti wọ igbó. Oṣù kejì náà kì í ṣe pé a kàn mú un bẹ́ẹ̀. Bàbá ló ní ká lọ nígbà náà torí tójò bá ti dé, odò á kún, ọ̀nà inú igbó á gé, koríko á ga ju èèyàn lọ. Lẹ́ẹ̀rùn, wọ́n á ti jó koríko díẹ̀díẹ̀, ojú á ríran jìnnà, ẹran á sì máa wá síbi odò tómi bá ṣì kù sí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé inú igbó yẹn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà? Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé Ọ̀yọ́-Ilé fọ́, wọn ò sọ fún wa pé ibẹ̀ ṣì wà, pé èèyàn lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀. Láti Ìgbẹ́tì la ti lọ. Ìlú tí Aláàfin ti ń pàṣẹ, tí ẹlẹ́ṣin ti ń jáde lọ sójú ogun, koríko àti igi ló kù níbẹ̀. Àwọn igi oṣè ńláńlá ló kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀ pé a ti dé. Bàbá ní tá a bá ti rí oṣè tó pọ̀ báyìí nínú ọ̀dàn, ká wo ilẹ̀. A wo ilẹ̀. Àpáàdì, àpáàdì, àpáàdì, ibi tá a bá gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan, ó fẹ́ kì í sápò. Bàbá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ ojú ẹ̀, ló bá di pé ilà wẹ́wẹ́ yọ jáde, ilà tí ẹni tó mọ ìkòkò yẹn fà sí i lára kó tó gbẹ, ilà kan tiẹ̀ wọ́ díẹ̀ níbi tí ọwọ́ ẹni náà ti yẹ̀. Ó fi hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá dá a padà síbi tó wà, ó da ojú ẹ̀ délẹ̀ bá a ṣe bá a. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ìbejì lòun fẹ́ lọ fi hàn. Bàbá ní, "Mú àwọn ìbejì wá síbí kí wọ́n wá wò ó."

Odi ìlú náà ṣì wà, ó ti rẹlẹ̀, igi ti hù lórí ẹ̀, tí rénjà ò bá tọ́ka sí i o ò ní mọ̀. Àmọ́ tó o bá ti mọ̀, wàá rí bó ṣe lọ gbọọrọ títí ojú ò fi tó o mọ́.

Nǹkan tó yé mi níbẹ̀ tí kò yé mi rí nìyí. Láàárín 1830 sí 1840 ni Ọ̀yọ́-Ilé tú, lẹ́yìn tí ogun Ìlọrin ti da gbogbo ẹ̀ rú. Aláàfin Olúẹ̀wù kú sógun Eléduwẹ̀, Àtìbà lọ tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, àwọn ará ìlú kéékèèké tó wà láyìíká sì sá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ torí ogun ò rí Ògbómọ̀ṣọ́ fọ́. Ìdílé tiwa náà wà lára àwọn tó sá wá. Torí náà igbó tá à ń wò yẹn, ilẹ̀ ilé wa ni. Torí pé èèyàn ti kúrò níbẹ̀ ni igi ṣe ráyè. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà kí ìjọba òyìnbó tó parí pípààlà sí i, apá tí wọ́n pè ní Upper Ogun ní 1936, apá Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di ibi ìpamọ́ ẹran igbó, ní 1991 ìjọba àpapọ̀ pa wọ́n pọ̀, wọ́n di Old Oyo National Park, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 square kìlómítà. Ojú Bàbá ló ṣe nígbà tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Ó ní wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹnikẹ́ni ò rántí lọ sọ fún àwọn ẹfọ̀n.

Láàárín Kìṣí sí Ìgbòho, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ìgbòho yìí ni àwọn Aláàfin sá wá nígbà tí Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ogun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sin sí Igbó Ọba níbẹ̀, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ wà lára wọn, ẹni táwọn kan sọ pé obìnrin ni. Abípa ló padà sílé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́ lọ, ilé ti mọ́ wọn lára n'Ígbòho, oko ti mọ́ wọn lára, ni wọ́n bá lọ kó àwọn abuké, àfín, arọ, adẹ́tẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa tan iná lórí òkè ní Ọ̀yọ́-Ilé lóru kí wọ́n máa ké pé "Kò sáyè o! Kò sáyè o!", kí àwọn tí ọba rán lọ wo ilẹ̀ lè rò pé iwin ni. Ọba gbọ́, kò bínú, ó rán ọdẹ lọ, ọdẹ kó gbogbo iwin wálé. Ó wá pe àwọn ìjòyè sí àsè, ó ní kí iwin kálukú wá máa bu ọtí fún ọ̀gá tó rán an. Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé a ní láti páàkì. Ó ní ìjòyè wo ló máa gbé ife yẹn mu? Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ, mi ò tíì gbọ́ ọ níbi tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun kan wà tó bà mí nínú jẹ́ lọ́nà yẹn, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àpò èédú ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Igi líle lèédú tó dáa ti ń wá, àyìn, àpá, igi òrí. Igi òrí lè lò tó ogún ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, ọ̀sán kan sì tó láti gé e lulẹ̀. Màmá kan tá a ra òrí lọ́wọ́ wọn ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sọ pé ibi táwọn ti ń ṣa èso ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni, ní báyìí àfi kí wọ́n gun ọ̀kadà. Mi ò bá ẹni tó ń sun èédú jà, ebi ń pa òun náà, gáàsì ti wọ́n, àwa ará ìlú la sì ń rà á. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbin òmíì síbẹ̀, mi ò sì rí ẹni tó ń gbìn ín.

Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Kùtùkùtù la wọlé. Rénjà tó ṣáájú wa, ọmọdé ni, wọn ò tíì bí i nígbà tí Bàbá ń rin ọ̀nà yẹn. Ó ń ṣàlàyé fún wa, Bàbá ń mi orí, ó ń ní "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn", ó jẹ́ kọ́mọ náà sọ gbogbo ohun tó ní í sọ. Nígbà tó yá ló rọra ní, "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká gba apá ọ̀tún, atẹ́gùn ń gbé òórùn wa lọ bá wọn." Ọmọ náà dúró, ó wò ó, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti wá síbí rí ni?"

A gba apá ọ̀tún. Agbo òtòlò kan wà létí odò Ògùn, akọ kan dúró níwájú, ìwo ẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, omi ṣì ń kán lẹ́nu ẹ̀, ó yí etí sọ́dọ̀ wa, ara ẹ̀ ò mì. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ náà fúyẹ́, egungun nìkan lọwọ́ mi ń bà níbẹ̀, mo wá wo ojú ẹ̀ dípò kí n wo ẹran, mo sì mọ̀

ẹ jẹ́ n sọ ti ìnàkí. Ẹ̀gbọ́n mi ra búrẹ́dì olóbìrípo kan, ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní òun fẹ́ la tíìnì sàdíìnì. Ìnàkí kan jáde wá, kò sáré, kò wo ẹnikẹ́ni, ó gbé búrẹ́dì, ó kọjá lọ. Bàbá Ìbejì pariwo "Háà! Owó mi!", ìnàkí náà wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀síwájú. Rénjà ní kó má bínú, búrẹ́dì ò sí nínú ìwé òfin. Títí di ìsìnyí, táwọn ìbejì bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá wọn, wọ́n á kọ́kọ́ rìn bí ìnàkí.

Nínú ìlú, ọkùnrin arúgbó kan gbé ìgò oyin wá bá Bàbá níbi tá a wọ̀ sí. Àṣé Bàbá ti mú un rí láyé àtijọ́, ó yìnbọn fún ẹfọ̀n, Bàbá ò gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó ti kú fún ara wọn. Mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, mi ò sì bi í.

Adó-Àwáyè, a gun àtẹ̀gùn ẹ̀ nígbà tá a dé apá Ìsẹ́yìn, a rí adágún omi tó wà lórí òkè, Bàbá jókòó sísàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀sàn. Ìdídò Ìkéré, a rí i láti ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ilé la kọrí sí.

Oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ láti ibi tẹ́ ẹ wà, Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ ò ní fi irú ẹ̀ gbà á. Mi ò tíì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń béèrè fọ́tò tó wà níwájú ìwé ètò ìsìnkú, abẹ́ oṣè ní Ọ̀yọ́-Ilé la ti yà á. Ẹ̀gbọ́n mi ló yà á, ìka ẹ̀ sì wà ní igun òkè lápá òsì. Ẹni tó tẹ ìwé náà ní òun lè bá wa yọ ìka yẹn. A ní kó fi sílẹ̀. Pásítọ̀ wo ìwé náà títí nínú ìsìn, ó bi mí lẹ́yìn náà pé ta ni ìyẹn, mo ní àkọ́bí ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì tó gbé mọ́tò sílẹ̀, tí kò gba owó bẹntiróòlù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì tó sunkún, tó tún wá se mọ́ínmọ́ín tá a jẹ dé Kìṣí. Àwọn rénjà yẹn ńkọ́, tí wọ́n gbé àga Bàbá rìn láti ibi kan dé ibòmíì láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ irú ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe léwu, kò sì sí ẹni tó ń patẹ́wọ́ fún wọn.

Ọdún tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, tí Ìṣokùn bá sọ pé ọ̀nà dáa, oṣù kejì náà la tún ń lọ, àwọn ìbejì ń tẹ̀ lé wa. Tí wọ́n bá ní kò dáa, a máa dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé ṣé ẹ lè bá wa lọ, ẹ lè bá wa lọ. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ẹ gbé omi tó pọ̀, ẹ má gbọ́kàn lé netiwọ́ọ̀kì. Ẹ sọ fún mi kí oṣù kìíní tó parí torí mo gbọ́dọ̀ fi orúkọ ránṣẹ́ síwájú, ẹni tó bá sì ra búrẹ́dì, kó gbé e sínú mọ́tò kó ti ilẹ̀kùn.