Ta ló ń júwe ilé mi fún wọn?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jí, mo ṣí wẹ́búsáìtì mi, mo sì rí i pé ojúewé ìkọ́kọrẹ́ tí mo ti kọ láti bí ọdún méjì, tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló ń kà á lọ́sẹ̀, ti gba àlejò 214 láàárín òru. Inú mi kọ́kọ́ dùn, ẹ̀rù tún wá bà mí díẹ̀, àbí irú èrò wo ló ń rọ́ wọlé báyẹn torí ewùrà?

Ṣé ẹ mọ̀ pé téèyàn bá tẹ líńkì kan, bíráósà ẹ̀ máa ń bá a sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún sáfà ibi tó ń lọ, ìyẹn ẹ̀rọ tí sáìtì náà wà lórí ẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ṣe máa ń sọ pé lágbájá ló ní kí n wá. Referer ni wọ́n ń pe ìlà yẹn. Ẹ wò ó dáadáa o, r kan ló wà láàárín ẹ̀, méjì ló yẹ kó jẹ́, àṣìkọ ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọnú ìwé ìlànà HTTP, èdè tí bíráósà àti sáfà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ní 1996 tí kò sì ṣeé tún ṣe mọ́ torí gbogbo ayé ti ń lò ó. Nínú JavaScript ẹ̀wẹ̀, document.referrer ni, r méjì pé! Mo ti fi odidi ọ̀sán kan ṣòfò rí lórí r kan yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n rántí.

Mo bá wọnú access log lọ, ìwé tí sáfà ń kọ gbogbo àlejò tó bá wọlé sí. Ibi tí referer máa ń wà nìyẹn, ṣáájú orúkọ bíráósà. Ẹ wo ohun tí mo bá níbẹ̀:

"GET /ikokore HTTP/1.1" 200 18344 "-" "Mozilla/5.0 (Linux; Android 10...

Dáàṣì! Ìyẹn ni pé kò sí referer, àlejò náà ò sọ ibi tó ti wá. Ìlà tó tẹ̀ lé e, dáàṣì. Òmíì, dáàṣì. Mo rí Google mélòó kan, l.facebook.com méjì, orúkọ sáìtì nìkan ṣá, torí láti 2020 ni Chrome ò ti sọ ojúewé gan-an tẹ́nì kan ti wá fún sáìtì míì mọ́, àyàfi tí sáìtì tó ti ń bọ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní òun ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn wá, irọ́ ni, rọ́bọ́ọ̀tì ni, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ kí n lè lọ wo ilé wọn. Mi ò lọ.

Àwọn dáàṣì yẹn ni wọ́n ń pè ní "direct" nínú analytics, ètò tó ń bá wa ka àlejò sáìtì, bíi pé èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ àdírẹ́sì ni. Direct kẹ̀! Ta ló dùbúlẹ̀ laago 11 alẹ́ tó ń tẹ àdírẹ́sì mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan? Líńkì tí wọ́n bá tẹ̀ nínú WhatsApp kì í sábà mú referer dání, bẹ́ẹ̀ sì rèé ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn wa ń gbé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àǹtí mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde. "Mo rí ìkọ́kọrẹ́ tó o kọ, mo ti fi sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi sí tẹgbẹ́ wa, mo tún fi sí tàwọn ará London, wọ́n ní ata ẹ ti pọ̀ jù." Ẹ gbọ́ ná, log tí mo fi wákàtí méjì tú!

Mo ní ẹ ṣeun mà, mo wá fi líńkì tuntun ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí mo so ?utm_source=whatsapp mọ́ nídìí. (Urchin ni u yẹn, ilé iṣẹ́ kan tí Google rà ní 2005.) Èyí ò nílò referer rárá, àdírẹ́sì fúnra ẹ̀ ló ń jẹ́rìí.

Ilẹ̀ mọ́, àlejò 96, kò sí utm kankan, dáàṣì ni gbogbo ẹ̀. Mo pe àǹtí.

"Há, ìdí ẹ̀ gùn gbọọrọ, ó jọ tàwọn gbájúẹ̀, mo ti bá ẹ gé e dànù."