Ọjọ́ tí Jagun kú

Èèyàn mẹ́rin ni mo pè láàárọ̀ Sátidé yẹn pé Jagun ti kú. Mo sunkún sí mẹ́ta nínú wọn létí. Ẹnì kẹrin ò jẹ́ kí n ráyè sunkún. Àbúrò mi obìnrin ni, ohun tó sì kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ní ṣọ́bìrì?"

Jagun kì í ṣe ajá mi o. Alágbàtọ́ lásán ni mí. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń kó ajá tí wọ́n já sílẹ̀, tàbí èyí tí ẹni tó ni ín ti kú. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀, wọ́n á wá fi sílé ẹni tó bá yọ̀ǹda ara ẹ̀, títí ẹni tó máa gbà á pátápátá á fi yọjú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Mọ̀mí, ìyẹn ìyá tó ń ṣètò ẹgbẹ́ náà, dá fún mi. Oṣù karùn-ún la wà yìí. Ọmọ ajá kì í pẹ́ rílé, kó tó lajú dáadáa ni èèyàn mẹ́fà ti ń du ú. Àmọ́ tó bá ti di ajá tí irùngbọ̀n ẹ̀ funfun, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní "Ó mà tutù o," wọ́n á sì kọjá síbi tí àwọn ọmọ ajá wà.

Jagun lorúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ogun yòówù kí ajá yìí jà, ó ti parí kó tó dọ́dọ̀ mi. Tí labalábá bá bà sétí abọ́ omi ẹ̀, á dúró kí labalábá fò lọ kó tó mumi. Dókítà ẹranko wo eyín ẹ̀, ó ní kò ní dín ní ọdún 12. Ojú ẹ̀ ti ní àwọ̀ èéfín, dókítà ní ọjọ́ orí ni, ó ṣì ń fi í ríran. Oríkèé ìbàdí ń ro ó, àtẹ̀gùn méjì ti di òkè ńlá fún un. Etí ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí ò gbọ́ fèrè, kò gbọ́ agogo, kò gbọ́ ọjọ́ tí ìkòkò já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ kò sọnù rí, torí kì í rìn débi tí wọ́n ti ń sọnù.

Èmi ni mo kọ ìpolówó ẹ̀. Mo ní: "Àgbà ajá, oníwà pẹ̀lẹ́. Kì í gbó, kì í gé èèyàn jẹ, kì í jí nǹkan." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn.

Tọkọtaya kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló rí ìpolówó yìí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé, aago mẹ́wàá. Àyọ̀ mi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo wẹ̀ ẹ́, mo ya irun ẹ̀, mo gé èékánná ẹ̀, mo tún mú un rìn kọjá ibi tá a máa ń rìn dé. Nígbà tá a máa fi padà, ẹgbẹ́ ti fi fóòmù tuntun kan ránṣẹ́ sí i, fóòmù tó nípọn ju tèmi lọ, nítorí ìbàdí ẹ̀. Ó yí po lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣubú lé e bí ẹni tí wọ́n yọ igi lẹ́yìn ẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń jí i láàárọ̀ ni pé màá fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ilẹ̀ á gbọ̀n, á mọ̀ ọ́n lára, á ṣí ojú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fẹsẹ̀ kilẹ̀, kò mira. Mo tún kì í, mo kì í títí fọ́tò ara ògiri fi já bọ́. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé fóòmù tuntun yẹn ti gbé gbogbo ìgbọ̀nrìrì náà mì. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ nà gbọọrọ, ahọ́n yọ sápá kan. Mo wo àyà ẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. (Mi ò tíì wọ gíláàsì ojú mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn títí ọ̀sán.)

Kí ló dé tí mi ò fọwọ́ kàn án? Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi ni. Èèyàn kì í ṣàdédé fọwọ́ kan ajá tó dití lójú oorun, ó lè ta gìrì kó bu èèyàn jẹ. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ síwájú imú ẹ̀ kó gbóòórùn mi. Mo gbé e síbẹ̀. Ó jọ pé ọṣẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọwọ́ ò jọ ọ́ lójú.

Ni mo bá gbé fóònù. Mọ̀mí bú sẹ́kún, ó ní òun ń bọ̀. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù lọ́dọ̀ dókítà ní kí n fara balẹ̀, pé ajá tó ń sùn máa ń mí bí ìgbà 15 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí n bá òun kà á. Mo ní, "Ẹ̀yin arábìnrin, òkú ni mò ń sọ, ẹ ní kí n kà!" Mo pa fóònù. Nígbà tí mo fi máa pe tọkọtaya yẹn, wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà. Ìyá náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kúkú wá bá yín kẹ́dùn."

Mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi funfun bo Jagun. Àbúrò mi dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì tiẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Tọkọtaya dé, bàbá bọ́ bàtà, ó ní òun náà máa gbẹ́ díẹ̀. Ìyá gbé abọ́ kan dání: ẹran tí wọ́n sè fún Jagun, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, torí wọ́n ti kà á níbì kan pé àlùbọ́sà ò dáa fún ajá. Ó ní òun ò ní lè gbé e padà sílé. Ó gbé e sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀, ó ṣí ìdérí ẹ̀ kó lè tutù, ó sì tẹ̀ lé wa síta.

A yí kòtò ká. Mọ̀mí ti dé, ó di ìwé Jagun mọ́ àyà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, torí èmi ni mo bá a gbé. Mo ní, "Jagun jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Kì í gbó. Kì í gé èèyàn jẹ. Kì í jí..."

Àbúrò mi pariwo, ó sì bẹ́ sínú kòtò.

Mo yíjú padà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ń rọra bọ̀ látẹnu ọ̀nà, ó ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu, imú dúdú yọ níwájú ẹ̀, ẹran ńlá sì wà lẹ́nu ẹ̀. Ó jí, ó sì jí ẹran. Bàbá ní "Háà!" Ìyá ti di igi ẹ̀yìnkùlé mú, ojú ẹ̀ ti pa dé, ó ń gbàdúrà. Jagun dé àárín wa, ó gbé ẹran sílẹ̀, ó wo kòtò, ó wo àbúrò mi nínú ẹ̀, ó ju ìrù. Ó wá dùbúlẹ̀ jẹun.

Bàbá fẹ́ gbà á lójú ẹsẹ̀. Ìyá ní òun nífẹ̀ẹ́ ajá, àmọ́ èyí tó bá tíì kú rí, ọkàn òun ò lè gbé e. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. A ò tíì dí kòtò yẹn, torí ibẹ̀ tutù, Jagun ti sọ ọ́ di ibi ìsinmi ọ̀sán. Àbúrò mi ò dé ẹ̀yìnkùlé mi mọ́.

Mọ̀mí wá ní kí n lọ tún ìpolówó ṣe, pé irọ́ wà nínú ẹ̀. Mo ní irọ́ wo? Òun ṣáà ni wọ́n gbé ẹran ọ̀hún wá fún, ta ló ń jí nǹkan ara ẹ̀? Mọ̀mí ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lò ń bá jiyàn?" Ni mo bá ṣí fóònù, mo pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rẹ́, "nǹkan." Ó wá ku: "Kì í gbó, kì í gé èèyàn jẹ, kì í jí."

Èèyàn mẹ́ta ti pè látìgbà náà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi mí. Mo máa ń fi dá wọn lójú pé ajá náà wà láàyè, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kú.