Kí ló dá òkúta yìí dúró?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé ohun tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan, kò sí ipá kankan lára rẹ̀. Kò lọ síbì kan, ta ni ìbá máa tì í? Ọdọọdún ni mo ń bá èrò yìí jà nínú kíláàsì físíìsì, ọdọọdún náà ló sì ń bá àwọn ọmọ tuntun wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ọmọ SS1 tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnì Sátidé jáde lónìí, tí a gba Ìtòkú gòkè lọ sí Olúmọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tóbi tó, kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú pátákó.

Ẹni tó bá dàgbà sí Abẹ́òkúta kì í wo àpáta mọ́. Ó wà lẹ́yìn ilé, ó wà lábẹ́ ilé, wọ́n ń sá aṣọ lé e, wọ́n ń sá èlùbọ́ lé e. Olúmọ ga ju ojú òkun lọ ní mítà 137, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kọ́ ló máa ń gbà mí lọ́kàn. Ibi tí mo máa ń dúró sí pẹ́ ni abẹ́ àpáta nísàlẹ̀, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí lásìkò ogun, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́ ti kó wọn dé ní 1830. Àwọn ìyá gbé ọmọ sùn sábẹ́ òkúta tó jẹ́ pé bó bá fi díẹ̀ sún, kò ní ku ẹnì kan. Wọn ò ka físíìsì, síbẹ̀ wọ́n ti wo òkúta yẹn dáadáa, wọ́n sì ti gbà pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yẹn gan-an ni.

Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ tọ́ka sí òkúta kan tó gun òmíràn lórí, tó sì dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Mà, ṣé torí pé ó wúwo ni kò ṣe yọ̀ bọ́ sílẹ̀?" N kò tíì lanu tí ọmọkùnrin kan fi dá a lóhùn: "Rárá o, bó bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe tètè já bọ́." Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àríyànjiyàn yẹn ni mo torí rẹ̀ kó wọn wá, àwọn fúnra wọn ló sì dá a sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi wọn òkúta náà lójú. Òkúta gíráńáìtì tó bá fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó tún ga ní mítà kan, ó máa ń tó kílógíráàmù 2,700. Ìyẹn jẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì 54, nítorí kílógíráàmù 50 ni àpò kan. Òòfà ilẹ̀ ń fa kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ipá newton 9.8 (newton ni a fi ń wọn ipá), nítorí náà ipá tó ń fa irú òkúta bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ lé ní newton 26,000. Kò sí wákàtí tí ipá yìí ń sinmi, lọ́sàn-án, lóru, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Bí òkúta náà kò bá wọlẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ohun kan ń gbé e sókè pẹ̀lú ipá tó bá a dọ́gba. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé e.

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń bá mi jiyàn. Báwo ni òkúta tí kò lẹ́mìí ṣe máa ti nǹkan? Ìjiyàn tó dára ni, n kì í fi ìkanra pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí a padà dé, mo gbé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, mo ní kí ọ̀kan nínú wọn dúró sí àárín rẹ̀. Pákó tẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń ta ko ẹsẹ̀ rẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó nípọn, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Mo wá ní kí wọ́n dúró sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ilẹ̀ náà ń fún pọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni àpáta ń fún pọ̀ lábẹ́ àpáta, àmọ́ ó kéré débi pé ojú kò lè tó o. Ohun tó bá fún pọ̀ á fẹ́ padà sí bó ṣe wà, ìfẹ́ àtipadà yẹn ló ń gbé ẹrù sókè. Ohùn wọn rọlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí yé wọn.

Ó ku ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ibi tí òkúta jókòó lé bá dà sílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á pín sí ọ̀nà méjì: apá kan á máa tẹ òkúta ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, apá kejì á máa wọ́ ọ lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní igun dígírì 30, ìdajì ìwúwo náà gan-an ló ń wọ́ ọ lọ. Ohun tí kò jẹ́ kó lọ ni fíríkíṣọ̀n, bí ojú òkúta méjèèjì tó rí ṣákiṣàki ṣe di ara wọn mú. A gbé pákó tó gùn ní mítà kan, a gbé òkúta kékeré lé e, a wá ń gbé orí pákó náà sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí orí rẹ̀ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sílẹ̀, òkúta yọ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n wá òkúta tó wúwo jù ú lọ dáadáa, irú rẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì sọ ibi tí yóò ti yọ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kò ní pẹ́ yọ̀, àwọn kan ní yóò pẹ́.

Ibì kan náà ló ti yọ̀, àfi ìyàtọ̀ díẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn máa ń fà. Bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, ipá tó ń wọ́ òkúta lọ sílẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ipá tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó náà á di ìlọ́po méjì, fíríkíṣọ̀n tó lè dá a dúró á sì bá wọn lọ sókè. Nítorí náà ọmọbìnrin yẹn àti ọmọkùnrin tó já a gbà lẹ́nu, ìwúwo ni àwọn méjèèjì di ẹjọ́ náà rù, ìwúwo kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí ibẹ̀ ṣe dà tó àti bí ojú òkúta ṣe rí ló ń pinnu bóyá yóò yọ̀.

Òmíràn wà tí kò ní yọ̀ ṣùgbọ́n tí yóò ṣubú lulẹ̀. Ìyẹn dá lórí ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ kó ara jọ sí. Bí a bá na òwú láti ibẹ̀ wálẹ̀, tí òwú náà bọ́ sí àárín ibi tí òkúta fi ìdí lé, kò séwu. Bó bá bọ́ síta, ó ti ń lọ nìyẹn.

Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbé ìdí àpáta ní ìlú wa. Òkúta tó ti jókòó láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ní láti yí padà kí ó tó di ewu. Ohun tó yí i ká ló máa ń yí padà. Ẹlòmíràn á wú àwọn òkúta kéékèèké tó tì í nídìí, á fi wọ́n ṣe ìpìlẹ̀. Ẹlòmíràn á kó yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Àgbàrá òjò á fọ ìyókù lọ, omi á wọ inú ihò rẹ̀, á máa ti òkúta méjèèjì kúrò lára wọn, ìdìmú wọn á sì dínkù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wú òkúta ìdí àpáta láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀ bá yín wò ó.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Olúmọ láàárọ̀, a rí ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke tó kún fún ẹrù. Ó tiraka kó tó gbéra, ṣùgbọ́n nígbà tí táyà ti ń yí, kò tiraka tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bi wọ́n pé bó bá jáwọ́, kí ló máa dá ọmọlanke dúró? Wọ́n ní ipá tó fi tì í yóò tán. Èrò tó jọ ti Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì láyé àtijọ́, nìyẹn, ó sì tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún kí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, tó fi bọ́ọ̀lù tó ń yí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn kì í tán fúnra rẹ̀. Fíríkíṣọ̀n ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà tó tẹ́jú láìyára sí i, láìdẹwọ́, ipá tó ń fà á síwájú àti èyí tó ń fà á sẹ́yìn dọ́gba pátápátá. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì òun àti ti òkúta tó jókòó jẹ́ẹ́ kò yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe wò mí nígbà tí mo sọ èyí, mo mọ̀ pé mo ṣì máa tún un sọ.

Òfin kẹta nínú àwọn òfin ìrìn tí Newton, onímọ̀ físíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1687 ló gbà wá lásìkò jù. Bí ohun kan bá ti èkejì, èkejì náà á tì í padà pẹ̀lú ipá tó dọ́gba. Kíá ni wọ́n ní ìwúwo òkúta òkè àti ipá tí òkúta ìsàlẹ̀ fi ń gbé e ni ìkejì ara wọn. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá fi í kọ́ ọmọ, nítorí orí òkúta kan ṣoṣo ni ipá méjèèjì wà, nígbà tó jẹ́ pé orí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ipá tí òfin kẹta ń sọ máa ń wà. Ẹni tó bá ti wọ ẹ̀rọ agbéniròkè rí á rántí bí ara ṣe máa ń wúwo bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra: lásìkò yẹn, ipá tí ilẹ̀ ẹ̀rọ fi ń gbé wa ju ìwúwo wa lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ ìkejì ara wọn, ọ̀kan kò lè ju èkejì lọ láé. Ayé ló ń fa òkúta wálẹ̀, nítorí náà ìkejì ìwúwo yẹn ni pé òkúta ń fa ayé sókè, newton 26,000 kan náà.

Ọmọbìnrin yẹn ló tún gbé ọwọ́ sókè. "Mà, tí òkúta bá wá ń já bọ́, ṣé ayé náà á máa bọ̀ wá bá a? Kí ló dé tí a ò mọ̀ ọ́n lára?" Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Mo sọ fún un pé ayé tó kílógíráàmù 6 tí òdo 24 tẹ̀ lé, kó fi í pín newton 26,000 náà, kó lè rí bí ìyára ayé sókè yóò ṣe máa pọ̀ sí i tó. Ó ń kọ òdo, àwọn yòókù ń bá a kà á sókè, títí ó fi kọ ogún òdo lẹ́yìn àmì désímà kí 4 tó dé.